Ojú Àpá Ilẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọpa Ìmìtìtì Àtijọ́ Ní Kalifọ́níà

Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1769, Gaspar de Portolá àti àwọn ọmọ ogun Sípéènì tó kó lẹ́yìn pàgọ́ sí etí odò kan ní gúúsù Kalifọ́níà. Ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó sì tún ń mì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àlùfáà tó wà láàárín wọn, Juan Crespí, kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà, ó sì fi ìmìtìtì ọ̀hún sọ odò náà lórúkọ. Santa Ana ni odò yẹn ń jẹ́ lónìí. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Sípéènì tó dé, ilẹ̀ á sì ti mì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìrìn àjò yìí ló ṣáájú gbogbo àkọsílẹ̀ tó ní ọjọ́ lórí nípa ìmìtìtì ilẹ̀ ní Kalifọ́níà.

Láti ìgbà náà dé òní, ó fi díẹ̀ lé ní 250 ọdún. Ó pọ̀ lójú èèyàn, kò tó nǹkan lójú ilẹ̀. Ní apá gúúsù ojú ìpínyà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní San Andreas, ìmìtìtì ńlá tí a mọ̀ pé ó fa ojú ilẹ̀ ya láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò ju méjì lọ: ti ọdún 1812 àti ti ọdún 1857. Ta ló lè fi ẹ̀ẹ̀mejì péré mọ ìṣe ohun kan? Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ìwé kò lè ràn án lọ́wọ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa bi léèrè. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn: bí àwọn onímọ̀ ṣe ń gbẹ́ yàrà gba ojú ìpínyà ilẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì ń fi ohun tó wà lára ògiri yàrà náà mọ ìgbà tí ilẹ̀ ti ya rí, kí ẹnikẹ́ni tó fi gègé kan ìwé ládùúgbò yẹn.

Kí la ń pè ní ojú ìpínyà ilẹ̀ ná? Èèpo ayé yìí kì í ṣe odindi kan. Ó pín sí abala ńláńlá, gbogbo wọn ló sì ń rìn, bí ìrìn náà tilẹ̀ lọ́ra. Ní Kalifọ́níà, abala tó wà lábẹ́ Òkun Pàsífíìkì ń fara gbún abala Àríwá Amẹ́ríkà bó ṣe ń lọ sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. San Andreas ni olórí ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fara gbúnra, ó sì gùn tó bíi 1,200 kìlómítà. Andrew Lawson, onímọ̀ nípa àpáta ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Berkeley, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1895. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1906, ojú ìpínyà yìí kan náà ló sọ San Francisco di ahoro. Los Angeles wà lórí abala Pàsífíìkì, San Francisco wà lórí abala kejì, nítorí náà ọdọọdún ni ìlú méjèèjì ń sún mọ́ra.

Ìsúnmọ́ra yìí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lọ́dún kan lójú San Andreas fúnra rẹ̀. Láwọn ibì kan, ilẹ̀ ń yọ́ rìn láìdúró. Ilé kan tí wọ́n ti ń pọn wáìnì wà nítòsí Hollister tí ògiri rẹ̀ ti ń fà ya díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ gbì. Irú ibẹ̀ kọ́ ló ń pa èèyàn. Ibi tí àpáta ti di ara wọn mú ni kí a bẹ̀rù. Níbẹ̀, abala méjèèjì fẹ́ lọ, ojú ìpínyà kò jẹ́ kí wọ́n lọ, àpáta ìhà méjèèjì á wá máa tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Onímọ̀ kan, Harry Fielding Reid, ló ṣàlàyé èyí lẹ́yìn ìjàǹbá 1906: ọjọ́ tí àpáta kò bá lè tẹ̀ mọ́, á já, ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún ti kó jọ á sì tú jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Báyìí ló rí ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1857, nígbà tí ilẹ̀ ya láti Parkfield títí dé ìtòsí Wrightwood, ọ̀nà tó tó 350 kìlómítà. Ìwọ̀n agbára ìmìtìtì náà tó 7.9. Èèyàn kò tíì pọ̀ lágbègbè náà nígbà yẹn. Ìyẹn nìkan ni kò jẹ́ kó di òkú repete.

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ọgbẹ́ ilẹ̀ náà máa ń san. Òjò á rọ̀, odò á kó ẹrẹ̀ bò ó, koríko á hù, màlúù á wá máa jẹ̀ níbẹ̀. Àpá ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó gbẹ́ máa bá a níbẹ̀.

Mímọ ibi tó yẹ kí a gbẹ́ gan-an sì ni ìdajì iṣẹ́ náà. Láàárín àwọn ọdún 1970, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford, Kerry Sieh, lọ sí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pallett Creek, ní nǹkan bíi 55 kìlómítà sí àríwá ìlà-oòrùn Los Angeles, lẹ́yìn àwọn òkè San Gabriel, níbi tí aṣálẹ̀ Mojave ti bẹ̀rẹ̀. San Andreas gba ibẹ̀ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àbàtà ló wà níbẹ̀. Bí omi bá kún, á kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá tẹ́ síbẹ̀. Bí omi bá fà, koríko á hù, á kú, kò ní lè jẹrà tán nítorí omi tó ṣì kún inú ilẹ̀, á wá di ilẹ̀dú. Omi á tún kún. Bí wọ́n ṣe ń gorí ara wọn nìyẹn, funfun, dúdú, funfun, dúdú, láti ọ̀rúndún kẹfà tàbí ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1910, odò náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, títí ó fi jìn tó mítà mẹ́wàá láwọn ibì kan. Àbàtà gbẹ. Oore ńlá ni odò yẹn ṣe fún Sieh láìmọ̀, nítorí bí àbàtà bá ṣì wà, omi ni ìbá kún inú yàrà èyíkéyìí tí wọ́n bá gbẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lórí Pallett Creek ní ọdún 1978 ló fi han ayé pé a lè ka ìmìtìtì San Andreas lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ọjọ́ orí sí wọn, tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ sẹ́yìn.

Ibi tó dára bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí ilẹ̀ tuntun ti ń tẹ́ léra lemọ́lemọ́. Bí 300 ọdún bá kọjá tí ohunkóhun kò tẹ́ síbẹ̀, tí ilẹ̀ sì ya lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹni tó bá gbẹ́ yàrà máa rò pé ó ya. Bí odò bá sì yára jù, á wọ́ ilẹ̀ àtijọ́ lọ pẹ̀lú ẹ̀rí inú rẹ̀. Wọ́n tún ń wá ibi tí èédú, èso tàbí ewé wà nínú ilẹ̀, nítorí àwọn ló sábà máa ń sọ ọjọ́ orí. Oko tí wọ́n ti fi tirakítọ̀ tú kò wúlò. Àwọn ẹranko tó ń gbé inú ihò tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: gopher tó wà ní Kalifọ́níà kò yàtọ̀ sí òkété wa nínú ìwà, á gbẹ́ ihò gba ìpele mẹ́fà kọjá, á kó ilẹ̀ ti òkè sọ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlà tí onímọ̀ tuntun máa ń sáré lọ fi han ọ̀gá rẹ̀ pé ìmìtìtì rèé, ihò gopher ni.

Nígbà tí wọ́n bá ti yan ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, tí ẹni tó ni ilẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i, katapílà á dé. Wọ́n á gbẹ́ yàrà náà kí ó dábùú ojú ìpínyà. Kò fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gùn, ó sì máa ń jìn ju èèyàn lọ, ibẹ̀ ni ewu wà. Ilẹ̀ tó kún àpótí oní-mítà kan péré ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí ògiri bá ya lulẹ̀, ẹni tó wà nínú yàrà kò ní ráyè pariwo. Nítorí náà ni òfin Amẹ́ríkà kò ṣe gbà kí òṣìṣẹ́ wọ yàrà tó jìn tó mítà kan àbọ̀ láìsí ohun ìdáàbòbò, àyàfi tó bá jẹ́ àpáta líle ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá irin ti ògiri méjèèjì láti òpin dé òpin yàrà. Níbòmíràn, wọ́n á gbẹ́ ẹ bí àtẹ̀gùn, kí ògiri má bàa ga jù.

Lẹ́yìn katapílà ni iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba sùúrù. Irin katapílà ti fi ẹrẹ̀ kun gbogbo ara ògiri, ohunkóhun kò hàn. Wọ́n á fi ọ̀bẹ àti irin pẹlẹbẹ ha á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku rẹ̀ nù, títí ìpele kọ̀ọ̀kan á fi yọjú. Wọ́n á ta okùn sára ògiri lóròó àti níbùú kí ó lè pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á ya fọ́tò igun kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì so gbogbo fọ́tò náà pọ̀ di odindi ògiri kan. Nígbà tí Sieh bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á lórí ìwé. Ìṣó kéékèèké tí wọ́n so aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ni wọ́n fi ń sàmì sí ìpele: pupa fún èyí, búlúù fún tọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dúró síwájú ògiri yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa jiyàn.

Kí ni wọ́n ń wò? Òfin tí iṣẹ́ náà dúró lé kò le. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ya, gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa gé. Ìpele tó bá tẹ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, á kàn bò ó ni. Nítorí náà, wọ́n á tẹ̀ lé ojú gígé náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí dé ibi tó ti parí. Ìpele tó gé gbẹ̀yìn àti ìpele àkọ́kọ́ tó bò ó mọ́lẹ̀ láìgé, àárín àwọn méjèèjì ni ọjọ́ ìmìtìtì náà wà. Ojú ilẹ̀ ọjọ́ náà gan-an nìyẹn, ibi tí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín àti ti èèyàn tẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Ó rọrùn lẹ́nu. Lára ògiri, kì í rí bẹ́ẹ̀. Ojú gígé lè kú sínú ilẹ̀ kí ó tó dé òkè, kí èèyàn wá rò pé ìmìtìtì náà ti pẹ́ ju bó ṣe pẹ́ lọ. Onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tìtorí ojú gígé kan ṣoṣo kéde ìmìtìtì. Á máa wá ẹlẹ́rìí mìíràn ní ìpele kan náà. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ohun tó wà lókè á já sínú ẹnu náà, á sì dì í, ilẹ̀dú ti òkè á wá wà nísàlẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Bí ìhà kan bá ga ju èkejì lọ lẹ́yìn yíya, etí rẹ̀ á máa wó díẹ̀díẹ̀ sísàlẹ̀, á kó òkìtì jọ tó tinrin ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìpele ìsàlẹ̀ lè ti tẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èyí tó wà lórí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti tẹ èyí ìsàlẹ̀ kí ti òkè tó dé.

Èyí tó máa ń dá mi lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iyanrìn tó tú jáde. Bí ilẹ̀ tó kún fún omi bá mì gidigidi, iyanrìn inú rẹ̀ á di bí omi, á já òkè gba ihò tóóró kan, á sì tú sórí ilẹ̀ bí òkìtì kékeré. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ó di dandan kí ojú ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i lára ògiri, ojú ilẹ̀ ọjọ́ ìmìtìtì ni. Pallett Creek ní irú rẹ̀.

Wàhálà kan tún wà tó jẹ́ ti San Andreas fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Yàrà tó dábùú rẹ̀ lè sọ fún wa pé ilẹ̀ ya, kò lè sọ bó ṣe lọ jìnnà tó. Láti mọ ìyẹn, Sieh padà sí Pallett Creek, ó ń bó ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ègé kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó lè tẹ̀ lé ìpele tó ti já láti ìhà kan ojú ìpínyà dé ibi tí ìyókù rẹ̀ wà ní ìhà kejì, kí ó sì wọn bó ṣe jìnnà sí ara wọn.

Kí wọ́n tó dí yàrà padà, wọ́n máa ń pe àwọn onímọ̀ mìíràn wá, pàápàá àwọn tí wọ́n mọ̀ pé wọn kò ní gbà. Àwọn yìí á wọ inú yàrà, wọ́n á fi ìka tọ́ ògiri, wọ́n á sọ pé irọ́ ni, ojú gígé yìí kò dé ibi tí ẹ sàmì sí. Lójú tèmi, ọjọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Onímọ̀ oògùn lè tún àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe lọ́la. Yàrà tí wọ́n ti dí, ògiri rẹ̀ kò sí mọ́. Fọ́tò àti àwòrán nìkan ló kù, àwòrán sì máa ń fi ohun tí ayàwòrán gbà gbọ́ hàn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ orí. Ohun gbogbo tó ń hù máa ń gba irú kábọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14 láti inú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tó bá kú ni gbígbà á dópin, èyí tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lẹ́yìn nǹkan bíi 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ á ti lọ. Willard Libby ló kọ́kọ́ fi èyí mọ ọjọ́ orí nǹkan ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1960. Lónìí, hóró èso kan péré lè tó fún àyẹ̀wò náà.

Èédú ló máa ń tan èèyàn jẹ. Igi lè gbé 300 ọdún kí iná tó jó o, èédú rẹ̀ sì lè wà lórí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àgbàrá tó gbé e dé inú àbàtà. Ọjọ́ orí igi ni yàrá àyẹ̀wò máa sọ, kì í ṣe ọjọ́ orí ìpele tí wọ́n ti bá èédú náà. Ilẹ̀dú Pallett Creek sàn ju èédú lọ, nítorí ibi tí koríko náà hù sí ló kú sí. Ní ọdún 1989, Sieh pẹ̀lú Minze Stuiver, tó mọ kábọ́ọ̀nù wọ̀n dáadáa, àti David Brillinger, onímọ̀ ìṣirò, tún ọjọ́ orí gbogbo ìmìtìtì ibẹ̀ ṣe. Fún àwọn kan nínú wọn, àlàfo iyèméjì wá sún kì, kò ju ogún ọdún síwájú tàbí sẹ́yìn lọ.

Ibi tí kábọ́ọ̀nù 14 kò ti já mọ́ nǹkan ni nǹkan bíi 300 ọdún tó sún mọ́ wa jù. Iye rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ sókè sódò láàárín ìgbà náà débi pé ohun tó kú ní 1680 àti ohun tó kú ní 1800 lè fún wa ní èsì kan náà. Ìmìtìtì kan sì wà ní Pallett Creek tó ṣáájú ti 1857 díẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè sọ ọdún rẹ̀ pàtó. Igi ló tú u sílẹ̀. Gordon Jacoby, onímọ̀ nípa òrùka inú igi, wo àwọn igi páìnì tó wà lójú San Andreas nítòsí Wrightwood. Ó bá a pé àwọn kan dàgbà dáadáa títí di ìgbà ẹ̀rùn ọdún 1812, ṣùgbọ́n láti 1813, òrùka wọn ṣàdédé tín-ín-rín, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti já tàbí tí orí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ohun tó bà wọ́n jẹ́ ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí ìdàgbàsókè 1812 parí àti ìgbà tí ti 1813 bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n yẹ ìwé wò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1812, ilẹ̀ mì nígbà tí àwọn ènìyàn wà nínú ìsìn òwúrọ̀ ní ìjọ Kátólíìkì ti San Juan Capistrano. Ilé ìjọsìn òkúta náà wó lé wọn lórí, ó sì pa nǹkan bí ogójì, ọmọ onílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo èèyàn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ojú ìpínyà kékeré kan nítòsí etíkun ló fà á. Jacoby, Paul Sheppard àti Sieh fi hàn ní 1988 pé San Andreas ló ṣe é, láti ọ̀nà jíjìn. Ọdún 176 làwọn igi yẹn fi gbé ẹjọ́ náà pa mọ́.

Kí wá ni àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ní Pallett Creek? Ìmìtìtì mẹ́wàá tó kẹ́yìn, bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, 132 ọdún ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Iye yìí ni ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti máa gbé kiri, òun náà ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Nítorí nínú àlàfo mẹ́sàn-án tó wà láàárín àwọn mẹ́wàá náà, márùn-ún kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún, mẹ́ta tó bí igba sí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Láti 1812 dé 1857, ọdún 45 ni. Ńṣe ni wọ́n máa ń dé ní méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á wá dákẹ́ fún ọ̀rúndún méjì tàbí mẹ́ta. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà kan tí ilẹ̀ yẹn dúró de 132 ọdún gẹ́lẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Carrizo, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Pallett Creek. Odò kékeré kan wà níbẹ̀, Wallace Creek, tí San Andreas ti gé, tó sì ti fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi 130 mítà láàárín 3,700 ọdún. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń rìn ní mílímítà 34 lọ́dún. Wọ́n tún ti wọn àwọn odò kéékèèké mìíràn, wọ́n ní ìmìtìtì 1857 nìkan fa ilẹ̀ ibẹ̀ lọ tó mítà mẹ́sàn-án. Ìṣirò wá rọrùn: ilẹ̀ á ní láti dúró tó 260 ọdún kí ó tó lè kó irú agbára bẹ́ẹ̀ jọ. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di 2010, àwòrán tí wọ́n fi iná lésà yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú fi hàn pé mítà márùn-ún ló sún mọ́ òtítọ́, pé odò tí wọ́n wọn tẹ́lẹ̀ ti gba ìmìtìtì tó ju ẹyọ kan lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, èsì yàrà tí Sinan Akçiz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ní Bidart, ní Carrizo yẹn, jáde: ìmìtìtì máa ń dé níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 88 síra. Ohun tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yí padà.

Parkfield tún kọ́ wọn lọ́gbọ́n mìíràn. Ìmìtìtì tí agbára rẹ̀ tó 6 ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1857, 1881, 1901, 1922, 1934 àti 1966. Ó jọ pé ọdún 22 síra ni. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé èyí tó kàn máa dé kí 1993 tó parí, wọ́n sì to ẹ̀rọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ láti dè é. Kò dé. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 ló tó dé, nígbà tó wù ú.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ojú ìpínyà ni kì í mú àdéhùn. Ní New Zealand, níbi tí wọ́n ń pè ní Hokuri Creek, Kelvin Berryman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìmìtìtì 24 láàárín 8,000 ọdún lójú ìpínyà tí wọ́n ń pè ní Alpine, àlàfo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi 330 ọdún. Ìwà ojú ìpínyà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àfi kí a gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Yàrà kan sì rèé, ibì kan péré ló lè sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí yàrà méjì tó jìnnà síra bá fi ìmìtìtì hàn láàárín 1450 sí 1500, ó lè jẹ́ ìmìtìtì ńlá kan tó ya gbogbo àárín wọn, ó sì lè jẹ́ méjì kéékèèké tí ogún ọdún wà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ ńlá ni fún ẹni tó ń kọ́ ilé sí Los Angeles. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ yàrà lójú San Andreas láti ibì kan dé ibòmíràn títí di òní, tí wọ́n sì ń fi èsì wọn wéra.

Iṣẹ́ náà kò parí sínú ìwé. Lẹ́yìn ìmìtìtì San Fernando ti 1971, Kalifọ́níà ṣe òfin kan ní 1972 tí kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé gbígbé sórí ojú ìpínyà tó ti ya láàárín nǹkan bíi 11,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ̀wọ́ ilé sí agbègbè tí òfin náà dárúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba onímọ̀ tó máa yẹ ilẹ̀ náà wò, yàrà ló sì sábà máa ń gbẹ́. Ní 2008, àwọn onímọ̀ fi ohun tí yàrà wọ̀nyí sọ ṣe àfihàn bí ìmìtìtì 7.8 lápá gúúsù San Andreas ṣe máa rí: nǹkan bíi 1,800 òkú, àti òfò tó lé ní bílíọ̀nù 200 dọ́là.

Ní Pallett Creek, ilẹ̀ kò tíì ya láti 1857. Ó ti ju 132 ọdún lọ, kò sì tíì tó àlàfo tó gùn jù tí ilẹ̀ náà ti dákẹ́ rí. Ẹni tó bá ní ó ti yẹ kó dé ń parọ́ mọ́ yàrà. Ẹni tó bá ní kò ní dé báyìí, irọ́ kan náà ló ń pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Los Angeles àti agbègbè rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá ní ẹbí níbẹ̀, ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi irin de ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná àti àpótí ìwé mọ́ ògiri, kí wọ́n ní omi mímu nílé tó lè tó wọn lò fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì mọ tábìlì tí wọ́n máa sá sábẹ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kẹwàá lọ́dọọdún ni gbogbo Kalifọ́níà máa ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ pọ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bá wọn ṣe é, àtọmọdé àtàgbà inú ilé.